Orí Bàbá Rẹ Sọ Rárá, Ọpọlọ Rẹ̀ Sọ Bẹ́ẹ̀ Ni

Orlovo Dere, lórí òkè,
Lẹ́yìn ọdún Dimitar Mímọ́.

Denitsa ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo tún ọ kí. Ṣé àlàáfíà ni o wà ní Sofia? Ṣé o ń jẹun? Ṣé atẹ́gùn kò ráyè wọlé mọ́ lójú fèrèsé tí o ní kò pa dé dáadáa yẹn? Kí Ọlọ́run tí ó gbé orí lé ọrùn má jẹ́ kí tìrẹ yẹ̀. Kí Ìyá Mímọ́ fi aṣọ rẹ̀ bò ọ́ láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé àtàrí, pàápàá jù lọ àtàrí, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀rù ti ń bà mí jù. Àmín. Èmi wà láàyè, àwọn ewúrẹ́ wà láàyè, bàbá rẹ náà wà láàyè, ṣùgbọ́n ibi tí ó ń gbé báyìí ni mo fẹ́ sọ fún ọ, jọ̀wọ́ jókòó kí o tó ka ìyókù.

O máa ní kí ló dé tí n kò pè ọ́ lórí fóònù. Fóònù tí o rà fún mi wà nínú àpò ìyẹ̀fun, mo fi ìborùn mi àtijọ́ wé e kí ó má bàa gbọ́ wa. Mladen olórí abúlé ló pe ìpàdé níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní àwọn olè kan ti dé tí kì í fọ́ ilẹ̀kùn mọ́, ohùn ni wọ́n ń jí. Ó ní wọ́n á pè ọ́, wọ́n á ní ọlọ́pàá ni àwọn, bí o bá sì ti la ẹnu pé bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n ti gé bẹ́ẹ̀ ni rẹ lọ nìyẹn, wọ́n á gbé e dé bánkì, bánkì á gbọ́ pé ohùn rẹ ni, á sì kó owó rẹ fún wọn. Ó ní báyìí ni owó ìsìnkú ìyá àgbà kan ní ìsàlẹ̀ odò ṣe wọmi. Láti ọjọ́ náà, kò sí àgbà kan lórí òkè yìí tí ń fi ẹnu dá ohun tí kò lẹ́sẹ̀ lóhùn. Tota tó múlé tì wá kì í ṣe Àmín sí rédíò mọ́, bí àlùfáà tilẹ̀ ń gbàdúrà láti àárọ̀ dalẹ́.

A ti wa pòtétò tán, ó tóbi ju ti èṣí lọ. Tota ṣubú lórí àtẹ̀gùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò fara pa rárá.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ rẹ. O sọ nínú lẹ́tà rẹ pé dókítà wà níbẹ̀, onímọ̀ ẹ̀rọ wà níbẹ̀, onímọ̀ èdè, olórin, àti àwọn kan tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n jókòó kí wọ́n máa ronú, àti pé gbogbo wọn kóra jọ lé ọpọlọ ènìyàn lórí nítorí pé ẹnì kan kò lè dá a mọ̀. Mo kà á sókè fún bàbá rẹ. Ó ní òótọ́ ni, ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Ó wí bẹ́ẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín, mo fẹ́ kí o rántí pé ó rẹ́rìn-ín. O tún ní o ti bẹ àwọn olùkọ́ rẹ kí wọ́n wá yẹ orí àwa àgbà òkè wò, kí wọ́n lè mọ ohun tí kò jẹ́ kí iyè wa ra. Ìwọ fúnra rẹ kò lè bá wọn wá nítorí ìdánwò. Ọmọ mi, ìbá sàn kí o gbàgbé ìdánwò.

Ọmọkùnrin kan ni wọ́n rán wá. Joris ni orúkọ rẹ̀, ará Holandi ni, ó ga débi pé ó fi orí gbá òkè ẹnu ọ̀nà wa nígbà tí ó ń wọlé, ó tún fi gbá a nígbà tí ó ń jáde. Nínú èdè wa, kò gbọ́ ju ẹ káàsán àti ẹ ṣeun lọ. Ọmọlúàbí ni, ṣùgbọ́n oúnjẹ kò wù ú. Mo bu ọbẹ̀ ẹ̀wà síwájú rẹ̀, mo nawọ́ sí i bóyá yóò jẹ. Ó gbé orí sókè, ó tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ pé òun kò jẹ, bí gbogbo ọmọ tí Ọlọ́run dá ṣe ń kọ nǹkan. Mo gbé abọ́ kúrò. Mo gbé banitsa gbígbóná wá, àkàrà oníwàrà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ yan, ó tún tẹ orí wálẹ̀, ó tilẹ̀ tẹ̀ ẹ́ léraléra, mo ní ó dára, má bínú, mo gbé ìyẹn náà kúrò. Ojú rẹ̀ bá banitsa náà lọ títí dé ìdí ààrò. Ṣùgbọ́n ọtí rakia bàbá rẹ, háà! Mo gbé ìgò sókè, ó gbọn orí sọ́tùn-ún, ó gbọn ọ́n sósì, bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni. Mo bù fún un. Nígbà tí ó mu ún tán, mo tún gbé ìgò, ó tún gbọn orí, ó tilẹ̀ fi ọwọ́ bo ife nítorí pé ojú ń tì í, mo rọra yọ ọwọ́ náà kúrò, mo bù ú kún dé ẹnu. Mo sọ fún bàbá rẹ pé ọmọ tí ó kọ oúnjẹ tí ó sì ń bẹ̀bẹ̀ fún ọtí báyìí, ìyá rẹ̀ ń sunkún níbì kan.

Lẹ́yìn náà ni ó gbé fìlà kan tí wáyà kún ara rẹ̀ dé bàbá rẹ lórí, ó fi nǹkan yíyọ̀ kan sí abẹ́ rẹ̀, mo rò pé ọ̀rá ewúrẹ́ ni, àmọ́ kò rùn. Ó gbé àpótí pẹlẹbẹ kan sórí tábìlì. Obìnrin kan wà nínú àpótí náà tí ó ń sọ èdè wa ketekete bí ọmọ ìlú Plovdiv, òun ni ó sì ń béèrè ọ̀rọ̀. Mo kí i, kò dá mi lóhùn. Mo fọwọ́ ṣàpèjúwe fún Joris kí ó ṣí i sílẹ̀ fún ọmọ ọlọ́mọ kí ó jáde wá jẹ ẹ̀wà, Joris rẹ́rìn-ín, ó tẹ orí wálẹ̀, ó kọ̀ jálẹ̀.

Bàbá rẹ rántí ọ̀rọ̀ Mladen, kò la ẹnu. Orí ni ó fi ń dá obìnrin náà lóhùn, Joris ń wo orí náà, ó sì ń tẹ nǹkan. Obìnrin náà bi í bóyá ó ń sùn dáadáa. Bàbá rẹ gbọn orí sọ́tùn-ún sósì, bẹ́ẹ̀ ni. Ó bi í bóyá ó mọ orúkọ ọmọ rẹ̀. Ó gbọn orí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ta ni kò mọ orúkọ ọmọ rẹ̀? Ó bi í bóyá ó máa ń gbọ́ ohùn níbi tí kò sí ènìyàn. Ó tẹ orí wálẹ̀, rárá o. Ó wá bi í bóyá ó ti rò ó rí láti ṣe ẹnì kan nínú ilé léṣe. Inú bí bàbá rẹ. Ó tẹ orí wálẹ̀ tagbáratagbára débi pé àgbọ̀n rẹ̀ kan àyà, ó tún tẹ̀ ẹ́, ó tún tẹ̀ ẹ́, ó ń wò mí, ó ń wo Joris. Joris fa àga rẹ̀ sẹ́yìn. Ó kọ ọ̀rọ̀ tí ó gùn síbẹ̀.

Kò pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ ni nọ́ọ̀sì wa, Rumyana, gun òkè wá. Kò jókòó, kò gba kọfí, mo ti mọ̀ pé kò dára. Ó ní ilé-ẹ̀kọ́ yín pe òun. Ó ní wọ́n ní Rangel bàbá rẹ kì í sùn, kò mọ orúkọ ọmọ rẹ̀, ó ń gbọ́ ohùn, àti pé ó ń gbèrò láti ṣe ẹnì kan nínú ilé léṣe. Ẹnì kan nínú ilé! Denitsa, àwa mélòó ló kù nínú ilé yìí? Ó ní wọn kò rí àgbàlagbà tí ó jẹ́wọ́ tọkàntọkàn báyìí rí, kí á má jẹ́ kí ọ̀bẹ sún mọ́ ọn, kí á sì gbé e wá sí Sofia kí wọ́n ki orí rẹ̀ bọ inú ẹ̀rọ ńlá. Mo ní mo wà níbẹ̀, ojú mi báyìí ló ṣe, ó dá wọn lóhùn dáadáa. Rumyana ní iṣẹ́ tí wọ́n rán òun ni òun jẹ́, òun kò mọ ọpọlọ, abẹ́rẹ́ ni òun mọ̀.

Mo rò ó títí, ó wá yé mi. Fìlà yẹn ni. Orí bàbá rẹ sọ rárá, ṣùgbọ́n fìlà wo abẹ́ orí, ó bá ọpọlọ níbẹ̀ tí ó ń sọ bẹ́ẹ̀ ni. Inú ènìyàn mà jìn o. Láti ìgbà tí mo ti jẹ́ ọmọge ni mo ti ń fi orí mi lé ẹ̀gbẹ́ orí yẹn sùn, n kò sì mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀.

Ẹ̀rù bà mí, ọmọ mi, n kò ní purọ́ fún ọ. Mo kó gbogbo ọ̀bẹ àti àáké sínú garawa, mo fi okùn sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sínú kànga. Búrẹ́dì, ọwọ́ ni mo fi ń ya á. Wàrà gbígbẹ, òwú ni mo fi ń gé e. Bí bàbá rẹ bá wúkọ́ lẹ́yìn mi, ife á bọ́ lọ́wọ́ mi. Ó wá àáké títí, mo ní bóyá Tota ló yá a. Ó lọ bá Tota, Tota ní òun kò rí i. Ó padà dé, ó wo búrẹ́dì tí mo ya wẹ́lẹwẹ̀lẹ, ó wo ojú mi, ó sì jókòó. Ó ní kí n sọ ohun tí wọ́n ní ó ń ṣe òun. Mo sọ ọ́ fún un. Ó ní ṣé àwọn tí Denitsa ń kọ́ ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ wọn ni wọ́n sọ bẹ́ẹ̀? Mo ní àwọn ni. Ó ní tí ó bá jẹ́ àwọn ni, á jẹ́ pé òótọ́ ni.

Láti ìgbà náà ni kì í sùn mọ́ lóòótọ́. Á dúró nídìí ilé oyin, á tẹ́tí, á bi mí bóyá èmi náà ń gbọ́ ọ. Mo ní oyin ni. Á ní báwo ni mo ṣe mọ̀. Ní àràárọ̀ á lọ sí ẹnu géètì, á máa ké Denitsa, Denitsa, kí ó lè mọ̀ bóyá orúkọ rẹ ṣì wà lọ́wọ́ òun. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, Tota fi ẹsẹ̀ wíwú rẹ̀ sáré jáde, ó rò pé o ti dé, ó ní ṣokoléètì òun ńkọ́. Bàbá rẹ kò rẹ́rìn-ín.

Ní àárọ̀ ọdún Dimitar Mímọ́, ó ká aṣọ ìbora kan, ó gun òkè lọ sí ahéré àwọn ewúrẹ́. Ó ní kí ọwọ́ òun tó gbọ́ ohun tí ọpọlọ òun ń sọ, kí òun jìnnà sí mi. Mo sunkún, ṣùgbọ́n, kí Ọlọ́run dárí jì mí, n kò dá a dúró. Mo ń gbé oúnjẹ rẹ̀ sórí òkúta ńlá tó wà lójú ọ̀nà. Kì í jáde àfi tí ó bá rí i pé mo ti sọ̀ kalẹ̀ jìnnà. Tí ó bá jẹun tán, á lu garawa kí n lè mọ̀.

Èmi ń bẹ̀rù tìrẹ náà. O sọ pé ìwọ náà máa ń dé fìlà yẹn kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ lè fi ọ́ kọ́ṣẹ́. Bọ́ ọ sílẹ̀! Bí ó bá lè rí apànìyàn lábẹ́ orí bàbá rẹ, kí ni kò ní rí lábẹ́ tìrẹ? Ó máa rí ọmọkùnrin onírùngbọ̀n yẹn tí o kò tí ì sọ fún wa nípa rẹ̀. Kí o sì bá mi bẹ àwọn olùkọ́ rẹ, kí wọ́n má ṣí bàbá rẹ lórí o, orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Mo tún ka lẹ́tà rẹ, mo wo gbogbo àwọn tí o ní wọ́n kóra jọ sídìí ọ̀rọ̀ ọpọlọ, dókítà, olórin, àwọn arònú, n kò rí ìyàwó kankan níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi mí. Wọn ì bá bi mí, ǹ bá sọ fún wọn pé bí eku bá já sínú wàrà, ọkùnrin yìí á gbé e jáde, á fi etí aṣọ rẹ̀ nù ún gbẹ, á ní kí ó máa lọ bá ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n bóyá ara mi ni mo ń tàn, èmi tí n kò ní fìlà.

Ọ̀rọ̀ owó ló wá kù. Mo ti kọ ọ́ síbí pé kí o fi owó àgádágodo ránṣẹ́, èyí tí ó nípọn, fún ilẹ̀kùn yàrá mi, o rí ibi tí mo ti pa á rẹ́. Owó aṣọ ìbora onírun àgùntàn ni kí o fi ránṣẹ́ sí Tota, kí ó fẹ̀, kí ó lè gba ènìyàn méjì, nítorí èmi náà ń kó lọ sí ahéré lónìí. Má rò pé ẹ̀rù ti kúrò lára mi. Ṣùgbọ́n kò sí ààrò lọ́hùn-ún, yìnyín ti bo òkè kejì, ilé yìí láìsí i sì ń bà mí lẹ́rù ju ọwọ́ rẹ̀ lọ. Mo ti fa garawa jáde nínú kànga. Mo máa mú búrẹ́dì odindi kan dání àti ọ̀bẹ, mo máa gbé méjèèjì fún un, mo máa ní kí ó gé e fún wa.

Tí o bá fẹ́ fèsì, má fi ránṣẹ́ sí ilé, kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ mọ́. Ìwọ fúnra rẹ ni kí o wá, kí o bi í léèrè láìdé nǹkankan sí i lórí. Bí ìwọ bá sọ pé orí rẹ̀ pé, ó máa gbà, nítorí tìrẹ ló ṣe gba tiwọn gbọ́.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ ọ ní ìlú tí wọ́n ti ń wo abẹ́ orí ènìyàn. Kí ìdánwò rẹ yọrí sí rere. Kí Ó má jẹ́ kí ẹni tí o fẹ́ràn di ẹni tí ò ń bẹ̀rù láéláé, bí ó bá sì dà bẹ́ẹ̀, kí Ó fún ọ ní ẹsẹ̀ tí yóò gbé ọ gun òkè lọ bá a.

Èmi ni ìyá rẹ,
Velika.