Orúkọ Yín Tí Mo Kọ Sábẹ́ Èsì Ìdánwò Mi

Bàbá Kékeré mi,

Ẹ má bínú pé èmi ọmọ kékeré gbójúgbóyà kọ̀wé sí yín. Mo kí yín, mo kí ìyàwó yín àtàwọn ọmọ. Màmá mi sọ fún mi lórí fóònù pé orúnkún tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́. Bàbá mi ti tún òrùlé tó ń jò ṣe.

Níléèwé tí mò ń gbé yìí, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ bọ́ọ̀lù ń rẹ̀ mí, mo sì ń sùn nínú kíláàsì. Méjìlélógún péré nínú ọgọ́rùn-ún ni mo gbà nínú ìṣirò. Kóòṣì wa kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbá bọ́ọ̀lù tí ará ilé rẹ̀ ò bá fọwọ́ sí èsì ìdánwò rẹ̀. Mi ò fẹ́ kí màmá àti bàbá mi rí máàkì náà, ni mo bá fi ọwọ́ ara mi kọ orúkọ yín sí i. Kóòṣì wò ó títí, ó ní, "Ọwọ́ ìkọ̀wé bàbá kékeré ẹ mà jọ tìẹ o. Màá pè wọ́n lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

Mo kọ́kọ́ fẹ́ bẹ̀ yín pé kí ẹ ní ẹ̀yin lẹ kọ ọ́, ṣùgbọ́n ojú tì mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ òótọ́ fún kóòṣì. Bí wọ́n bá yọ mí nínú ìdíje, ẹ̀bi mi ni.

Kí Ọlọ́run fi àlàáfíà ṣọ́ ilé yín. Ẹ má tíì jẹ́ kí màmá mi gbọ́ nípa lẹ́tà yìí. Ọjọ́ Àìkú ni màá pè wọ́n, ẹnu mi ni mo fẹ́ kí wọ́n ti gbọ́ ọ.

Ọmọ yín.