Nígbà Tí Mo Ní Kọ̀ǹpútà, Mo Ń Ráyè Ṣe Àmín

Màámi, ẹ kú ilé o. Ẹ kú ojú lọ́nà. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Agbowó níbí, mo kí Dúpẹ́ àbúrò mi tó wà lọ́dọ̀ yín, mo kí gbogbo àwọn ìyá ìjọ. Ara mi le, bí ẹ bá fẹ́ mọ̀. Mo ní bí ẹ bá fẹ́ mọ̀, nítorí Dúpẹ́ sọ fún mi pé ẹ ní ẹ ò fẹ́ mọ̀ mọ́.

Ohun tó jẹ́ kí n gbé lẹ́tà yìí fún ìwé ìròyìn nìyẹn. Ẹ ò gbé ìpè mi. Ṣùgbọ́n alàgbà ìjọ yín máa ń ka ìwé ìròyìn Yorùbá sókè lẹ́yìn ìsìn, mo sì mọ̀ pé ẹ ò ní di etí yín sí alàgbà. Alàgbà, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má fo ìlà kankan.

Wọ́n ní ẹ ń sọ ọ́ kiri Ìjerò pé ọmọ yín ti di ará Ìbàdàn, pé ó ń já àdúrà ìyá rẹ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Ó dùn mí, Màámi. Ó dùn mí gan-an.

Ẹ ṣáà rántí iṣẹ́ mi ní ilé ìkẹ́rùsí oògùn òyìnbó tó wà nítòsí Ring Road. Àwọn oníkẹ́míìsì á kọ oògùn tí wọ́n fẹ́ ránṣẹ́, èmi á tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà, àwọn ará sítọ̀ á bá wọn dì í. Nígbà yẹn, tó bá ti di agogo méjìlá ọ̀sán tí ẹ pè, èjìká ni mo fi ń há fóònù mọ́ etí. Ẹ̀yin ń gbàdúrà, ọwọ́ mi ń tẹ̀, ẹnu mi ń ṣe àmín. Ẹ̀ ń bá àwọn ọ̀tá mi jà, ẹ̀ ń bá mi wá ọkọ, ẹ̀ ń pe àwọn áńgẹ́lì lórúkọ, oògùn ibà àti oògùn ikọ́ sì ń wọlé síbi tó yẹ. Àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí, tí àwọn náà á fi máa bá mi ṣe àmín. Ìgbà tí ẹ wá kí mi, ẹ fi òróró yín sàmì sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà náà. Mi ò nù ún.

Ọ̀gá wa wá lọ sí ìpàdé kan l'Ékòó, ó dé, ó ní orí fóònù ni ayé wà báyìí, pé kọ̀ǹpútà kàn ń mu dísẹ́ẹ̀lì jẹnẹrétọ̀ lásán ni. Kí oníkálukú máa fi fóònù ara rẹ̀ ṣiṣẹ́. Ó ní kí àwọn kan ṣe áàpù kan fún wa, orí fóònù Àǹdíróìdì nìkan ló sì ti ń ṣiṣẹ́. Síkírá tá a jọ ń ṣiṣẹ́, tó ń fi áífóònù yan fún wa tẹ́lẹ̀, ní láti lọ ra òmíràn, ó ń gbé méjì kiri báyìí bí ẹni tó bí ìbejì. Wọ́n ta àwọn kọ̀ǹpútà wa fún àwọn tó ń ṣe fọ́tókópì l'Ágbowó. Mo ń rí tèmi láràárọ̀ tí mo bá ń lọ síbi iṣẹ́. Àmì òróró yín ṣì wà lára rẹ̀.

Ẹ mọ ẹnì kan ṣoṣo tó ṣì ń lo kọ̀ǹpútà ní ọ́fíìsì wa? Ọ̀gá ni. Ó ní fóònù ń dun òun lójú.

Áàpù yìí kò gba ìpè, Màámi. Bí ìpè bá ti wọlé báyìí, ó kú nìyẹn, gbogbo ohun tí mo ti tẹ̀ á nù. Agogo méjìlá tí ẹ sì ń pè gan-an ni ọkọ̀ tó ń kó oògùn lọ sí Òkè-Ògùn máa ń fẹ́ gbéra. Mo ní kí wọ́n bá mi tún un ṣe. Ọ̀gá bi mí pé ta ló ń pè mí lẹ́nu iṣẹ́. Mo ní ìyá mi ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí ẹ máa kọ àdúrà yín ránṣẹ́.

Bí mo ṣe ń já ìpè yín nìyẹn. Mo pè yín padà nírọ̀lẹ́, ẹ ní àdúrà kì í ṣe ọbẹ̀ tí wọ́n ń gbé kaná lẹ́ẹ̀kejì. Ìrọ̀lẹ́ náà kì í ṣe tèmi mọ́. Mo máa ń pa kọ̀ǹpútà sílẹ̀ lọ sílé tẹ́lẹ̀. Ní báyìí, mo ń rokà nílé, oníkẹ́míìsì ń béèrè oògùn lórí fóònù. Ooru ń mú, fóònù ń gbóná lọ́wọ́ mi, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tá a jọ ń gbélé ń pariwo lẹ́yìn ògiri, kò sì sí ẹni tó ń pè mí láti béèrè bóyá mo ti jẹun. Owó tí mo ń fi ránṣẹ́, Dúpẹ́ ní ẹ ń gbà á. Èmi nìkan ni ẹ ò gbà.

Mo ti ra fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì kan. Kò lè gba áàpù, kò lè gba iṣẹ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin nìkan ni mo fún ní nọ́ńbà rẹ̀. Dúpẹ́ kọ ọ́ fún yín, ó ní ẹ fi í sáàárín Bíbélì. Ojoojúmọ́ ni mo ń gbé e sórí tábìlì mi, síbi tí kọ̀ǹpútà wà tẹ́lẹ̀. Tó bá di agogo méjìlá, mo máa ń wò ó. Kò tíì dún rí.

Kí Ọlọ́run dá yín sí fún mi, kí orúnkún má dùn yín mọ́, kí ilé wa má tú. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé àti ará ìjọ. Ẹ ṣí Bíbélì yín, Màámi. Èjìká mi ń dúró dè yín.

Èmi ni ọmọ yín tí kò já àdúrà yín,
Bọ́sẹ̀