Ẹlẹ́rìí Méjì Tí Bàbá Rẹ Yà Sọ́tọ̀

Oníṣirò ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé ara le? Ilé gíga tí ẹ ń gbé níbẹ̀ kò ní wó lù yín. Mo mọ̀ pé ọdún díẹ̀ ni mo fi jù ọ́, ṣùgbọ́n àbúrò bàbá ẹni, bàbá ẹni ni, nítorí náà jókòó kí o tó ka èyí. Bàbá rẹ wà láàyè. Mo tètè sọ ọ́ nítorí pé lánàá èmi fúnra mi kò mọ̀.

Àpótí kékeré méjì tí o fi ránṣẹ́ fún ọkọ̀ ojú omi wọn, tí yóò máa fi ibi tí wọ́n wà hàn wá lórí fóònù, ti dé. Mo ṣàlàyé fún wọn bí o ṣe sọ ọ́ fún mi lórí fóònù, pé ẹ̀rọ náà á kọ́kọ́ fi òye gbé ibi tó yẹ kí ọkọ̀ wà, á wá gbọ́ tẹnu ẹlẹ́rìí méjèèjì, ìyẹn àpótí méjèèjì, á sì gba oníkálukú gbọ́ níwọ̀n bí irọ́ rẹ̀ bá ṣe kéré tó. Bàbá rẹ mirí. O mọ̀ pé àwọn ló ń parí ìjà àwọn apẹja. Wọ́n ní níbo ni wọ́n ti ń jẹ́ kí ẹlẹ́rìí méjì jókòó pọ̀, kí wọ́n lè pa ẹnu pọ̀ purọ́? Wọ́n so ọ̀kan mọ́ ọkọ̀, wọ́n fi ìkejì sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi nílé. Èmi náà rí i pé ọ̀rọ̀ àgbà ni.

Lọ́sàn-án àná, bàbá rẹ wà lórí omi nígbà tí kùrukùru bo adágún. Mo wo fóònù, mo rí àmì bàbá rẹ láàárín koríko gíga, níbi tí ọkọ̀ kì í gbà, tí ẹrẹ̀ ti ń gbé èèyàn mì. Òbìrìkìtì tó yí i ká, tí o ní iyèméjì ẹ̀rọ ni, ń fẹ̀ sí i. Èmi kò mọ iyèméjì kankan, omi tó ń yanu ni mo rí. Mo ki àpótí bọ àpò, mo sáré. Àmì náà bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Mo dúró, ó dúró. Mo yà sósì, ó yà. Oníṣirò, mo figbe ta. Mo ní ẹ̀gbọ́n mi ti kú, ẹ̀mí wọn ló ń tẹ̀ lé mi yìí.

Ìyá rẹ gbọ́ igbe mi. Wọn ò sunkún o. Wọ́n mú igi, wọ́n wọ inú ẹrẹ̀ dé orúnkún, wọ́n ń gún ilẹ̀ kiri, wọ́n sì ń pe ọkọ wọn ní orúkọ tí n kò gbọ́ lẹ́nu wọn rí.

Láti inú kùrukùru ni ohùn ti jáde: “Ta lẹ ń wá?”

Bàbá rẹ ni, nínú ọkọ̀ wọn, tí wọ́n ti gbọ́ ariwo wa. Bí wọ́n ṣe sún mọ́ wa ni òbìrìkìtì yẹn kéré bí ẹyọ ẹ̀wà. Ìgbà yẹn ló tó yé mi. Ẹlẹ́rìí kan ní bàbá rẹ wà nílé, èkejì ní wọ́n wà lórí omi, ẹ̀rọ bá fi wọ́n sí àárín, bí ẹni ń parí ìjà; bí mo sì ṣe ń gbé àpótí tèmi rìn ni àárín náà ń rìn. Ìyá rẹ di aṣọ bàbá rẹ mú, wọn kò sì fi í sílẹ̀ títí a fi délé.

Bàbá rẹ ṣì ń jiyàn pé kò yẹ kí ẹlẹ́rìí méjì jókòó pọ̀. Nígbà tí wọ́n ń jẹun, mo yọ́ lọ so àpótí kejì mọ́ abẹ́ ìjókòó ọkọ̀. Má sọ fún wọn. Jọ̀ọ́, fi owó bàtà ìyá rẹ ránṣẹ́, ẹrẹ̀ ti gbé tiwọn. Fi owó fèrè kún un, kí bàbá rẹ máa fọn ọ́ nínú kùrukùru, nítorí n kò tíì gba ẹ̀rọ yìí gbọ́ tán.

Wọ́n tún ti wà lórí omi báyìí, kùrukùru sì ti ń sọ̀. Ọwọ́ kan ni mo fi ń kọ̀wé, mo fi ìkejì di fóònù mú. Òbìrìkìtì náà ṣì kéré.

Ibi tí a bá ti wá ọ, ibẹ̀ la ó ti bá ọ, láàyè. Àmín.

Èmi ni,
Bàbá rẹ kékeré.