Aṣọ Pupa Ara Àwo Orin Mi

Màmá mi ọ̀wọ́n, ẹ kú ilé o, okun o. Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ láti Skọ́tíláǹdì níbí. Mo kí Bọ́lá àbúrò mi àti àwọn ìyá ìjọ tó ń yà kí yín. Òtútù ibí ò dẹ̀, àmọ́ ara le. Mo ṣì ń tọ́jú àwọn arúgbó láàárín ọ̀sẹ̀, mo sì ń fun sakisofóònù mi lópin ọ̀sẹ̀.

Màmá, ẹ bínú sí mi lórí fóònù, ẹ sì jàre. Ẹ jẹ́ kí n ro ẹjọ́ mi.

Lọ́jọ́ kan, òjò lé mi wọ ilé tí wọ́n ń kó àwòrán sí. Mo rí ọ̀kan níbẹ̀ tí kò sí ènìyàn nínú rẹ̀, kò sí igi. Pupa ni látòkè délẹ̀, ìlà dúdú díẹ̀ sì là á kọjá. Mo dúró síwájú rẹ̀ títí olùṣọ́ fi bi mí bóyá ara mi ò yá. Bí mo ṣe délé ni orin ń wá. Jáàsì ni, àmọ́ kì í ṣe ti ijó. Èèyàn á jókòó ni, á máa ronú. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi méjì gba orin mẹ́fà sílẹ̀.

Nígbà tó ku fọ́tò iwájú àwo orin náà, mo ní kí Bọ́lá ya fọ́tò aṣọ pupa ìsàlẹ̀ àpótí yín ránṣẹ́ sí mi, èyí tí ìyá yín hun ní Odò-Àpé. Mo kọ orúkọ mi gàdàgbà sí i lórí. Ìgbà tí ẹ rí i, ẹ ní aṣọ tí àwọn ará Bùnú fi ń sin àgbà ni, wọn kì í tẹ́ ẹ lásán, ká má tíì sọ pé kí alààyè kọ orúkọ ara rẹ̀ sí i. Ẹ wá bi mí pé, “Ta ló kú?”

Mo fi orí kunkun dá yín lóhùn pé àwòrán lásán ni. Ẹ pa fóònù. Láti ọjọ́ náà, ọkàn mi ò balẹ̀.

Màmá, Bàbá ló kú. Ìwé ìgbélùú mi ò tíì jáde nígbà ìsìnkú rẹ̀, n kò lè wálé, orí fóònù ni mo ti ń wo bí wọ́n ṣe ń bu iyẹ̀pẹ̀, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì sì já kí wọ́n tó parí. Ọjọ́ kejì, mo lọ síbi iṣẹ́. Mi ò sunkún rárá. Orin mẹ́fẹ̀ẹ̀fà yìí ni ẹkún náà, n kò mọ̀ títí ẹ fi bi mí.

Mo ti ní kí àwọn tó ń ṣe àwo náà yọ orúkọ mi. Bí ẹ bá gbà, ti Bàbá ni wọn yóò kọ síbẹ̀. Bí ẹ bá kọ̀, a ó mú aṣọ náà kúrò. Wọ́n fún mi láyè di ọjọ́ Ẹtì. Gbogbo yín lẹ ti sin ín. Ẹ jọ̀ọ́ Màmá, ẹ jẹ́ kí èmi náà sin ín.

Olúwa á dá yín sí fún wa, ẹ ó jẹun ọmọ pẹ́. Ẹ bá mi kí tẹbí tará ní Kàbà.

Èmi ni ọmọ yín,
Dáre