Oògùn Etí Bàbá Òkè

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù kẹta
Bàbá mi — Bàbá Òkè, nítorí orí òrùlé loúnjẹ wọn wà — dì mọ́ igi àjà ilé ìwé bí alángbá lónìí. Àwọn òṣìṣẹ́ ló rọra gbé wọn sọ̀. Bàbá ní òòrùn ni. Màámi ní, "Òòrùn kẹ̀? Ọ̀run lẹ fẹ́ lọ!"

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4
Ọsibítù. Mi ò bá wọn wọlé. Ẹnu Bàbá Òkè ni mo ti gbọ́ ọ. Dókítà obìnrin kan ní nǹkan kan wà nínú etí lọ́hùn-ún tó ń mú èèyàn dúró ṣánṣán. Ẹ̀jẹ̀ ò ṣàn débẹ̀ dáadáa mọ́, lòòyì fi ń kọ́ wọn. Hóró oògùn yìí yóò fẹ iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín ibẹ̀ lójú. "Oògùn etí ni. Ẹ lò ó lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́, pẹ̀lú oúnjẹ." Bí òòyì ò bá kọ́ wọn fún odidi ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n lè gun òrùlé. Bí ìyẹn ò bá ṣeé ṣe kó tó di ọjọ́ kẹrìnlélógún, ilé ìwé á pe káfíńtà mìíràn.
Èmi ni kí n máa ka òòyì. Mo sọ ọ́ ní Àlejò.

Ọjọ́bọ̀, 6
Àlejò dé lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Oògùn ń tán, Àlejò ò tán.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8
Mo ti mọ̀ ọ́n! Mo yọjú wò wọ́n nídìí oúnjẹ àárọ̀ — búrẹ́dì lọ́wọ́ kan, ṣíbí lọ́wọ́ kejì, orí dà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n ti lọ oògùn kúnná, wọ́n pò ó mọ́ omi, wọ́n ń dà á setí. Pẹ̀lú oúnjẹ!
Mo ní, "Bàbá, ẹnu ni." Wọ́n ní, "Ṣé ẹnu ló ń dùn mí ni?" Mo ní bí ẹsẹ̀ bá ń dùn wọ́n, ṣé ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń gbé oògùn mì? Wọ́n rọra gbé ṣíbí sílẹ̀.
"Má sọ fún ìyá ẹ o."
Ẹ̀rín bú lẹ́yìn kọ́tìnnì. Màámi.

Ọjọ́ Ajé, 10
Wọ́n fọ etí Bàbá Òkè lọ́sibítù. Dókítà ní ẹfun tó wà níbẹ̀ tó kun yàrá kan. Mo fi ìtìjú bi wọ́n pé báwo ni ohun tó wọ ikùn ṣe ń dé etí. Ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé e lọ, ni wọ́n wí. Háà. Ẹ̀jẹ̀ pọ̀n ọ́n sẹ́yìn, kó lè lọ lanà fún ẹ̀jẹ̀.

Ọjọ́rú, 12
Ẹ̀ẹ̀mejì péré. Ẹnu mà dára o.

Ọjọ́bọ̀, 20
Bàbá Òkè ní òfo ni látọjọ́ Ajé. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo rí wọn tí wọ́n lóṣòó lójijì, tí wọ́n di ẹsẹ̀ àga mú: "Ìṣó mi ló já bọ́." Ìṣó, nínú yàrá tí a ti ń sùn? Mo kọ ọ́ sílẹ̀ — ìṣó mẹ́ta.

Ọjọ́ Àìkú, 23
Wọ́n bu ẹran tiwọn sínú àwo mi. "Ọmọ mi àtàtà, kọ òfo." Mo jẹ ẹran náà.

Ọjọ́ Ajé, 24
Dókítà: "Ẹ̀ẹ̀melòó lọ́sẹ̀ tó kọjá?" Bàbá Òkè tẹjú mọ́ mi. Mo ṣí ìwé.
"Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta."
Òrùlé ti lọ nìyẹn.
Lójú ọ̀nà, wọ́n ṣíwájú, ẹsẹ̀ ń yá wọn — ìbínú. Nígbà tó kù díẹ̀ ká dá gọ́tà kọjá, wọ́n dúró. Wọ́n na ọwọ́ sẹ́yìn láìwẹ̀yìn, wọ́n gbá tèmi mú, ó le bí ọwọ́ ẹni tó wà lórí àjà. A dúró bẹ́ẹ̀ títí ayé fi ṣíwọ́ yíyí.
"Ó di ẹ̀ẹ̀mẹ́rin," ni wọ́n wí. "Kọ ọ́ sílẹ̀."