Ìbọn Ẹlẹ́nu Méjì Tí Bàbá Wa Fi Sílẹ̀

                                        Ojúlé Kọkànlá,
                                        Òpópónà Alágbẹ̀dẹ.
                                        Ọjọ́ kẹfà, oṣù kẹta.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà ni ẹ wà? Ìyàwó yín ńkọ́, ṣé orúnkún tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ara tèmi le, ọkàn mi ni kò balẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé, àbúrò bàbá wa gbé ìbọn ẹlẹ́nu méjì tí Bàbá fi sílẹ̀ fún wọn wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Wọ́n ní kí n tún un ṣe, àwọn fẹ́ fi ṣọdẹ. Ẹ̀gbọ́n mi, ìbọn náà rẹwà! Igi ìdí rẹ̀ kò sán, àwọn ẹyẹ tí wọ́n fín sára irin rẹ̀ sì hàn ketekete. Inú ọ̀pá méjèèjì ń dán bíi dígí. Dídán yẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù, torí irin tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún kì í dán báyẹn lásán. Mo fi ìka gbé ọ̀pá náà kọ́, mo fi igi lù ú jẹ́jẹ́. Dípò kó dún gooro bí agogo, ńṣe ló dún bí ìkòkò tó sán. Mo wọn ọ̀pá òsì, ó ti fẹ́lẹ́ bí agolo mílíìkì. Ẹnì kan ti ha ìpẹtà inú rẹ̀ títí tó fi ha irin mọ́ ọn.

Mo ní, "Ẹ jẹ́ ká tún ara rẹ̀ ṣe, ká gbé e kọ́ sára ògiri. Ẹwà rẹ̀ níye lórí, àmọ́ ẹ má yìn ín."

Wọ́n fajú ro. "Ìwọ tí mo gbé pọ̀n ló fẹ́ kọ́ mi ní ìbọn? Ẹ̀gbọ́n mi yìn ín títí wọ́n fi kú!"

Mo bẹ̀ wọ́n títí, mo ní àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Nígbà tó yá, wọ́n gbà ká fi okùn yìn ín láti òkèèrè, ká fi dán an wò. A so ìbọn mọ́ táyà lẹ́yìn ilé, a kọjú rẹ̀ sí òkìtì iyẹ̀pẹ̀, a sá sẹ́yìn ògiri. Àwọn fúnra wọn ló fa okùn.

Ọ̀pá òsì ya pẹ́rẹ́pẹ́rẹ́. Wọ́n wo àtẹ́lẹwọ́ wọn. Wọ́n ní, "Ọkùnrin tó bá bàbá yín nu ìbọn yìí, ìbọn méjì ló nù lọ́jọ́ náà."

Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀dọ̀ yín ni ìkejì wà! Láti àná ni mo ti ń pè yín, fóònù yín kò wọlé, bẹ́ẹ̀ Àbámẹ́ta lẹ máa ń ṣọdẹ. Ìdí nìyí tí mo fi fi lẹ́tà yìí rán awakọ̀. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ lọ yọ ọta inú ìbọn yẹn ná, kí ẹ tó fún awakọ̀ lómi mu.

Èmi ni àbúrò yín tó ń retí ohùn yín,
Atúnbọnṣe.