Orúkọ Tí Limota Kọ Sínú Ìwé Ìjàǹbá

Ọjọ́ Ajé, 3 Sẹ̀tẹ́ńbà 2018

Limota wọ káàdì ilé ìwòsàn rẹ̀ lọ sí ọjà lónìí. Ọjà Ìkàrẹ́ o, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti bi í bóyá sítáàfù ni. Ó fi káàdì kọ́rùn, ó ń ná tòmátì. Mo dúró lẹ́yìn, mo ń wò ó.

Ọjọ́ kan náà la bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ní 2012. Kọ́ńtíráátọ̀ kan náà ló kó wa wá sí ilé ìwòsàn yìí. Wọ́ọ̀dù kan náà, ìgbálẹ̀ kan náà, omi kẹ́míkà kan náà tó ń bó wa lọ́wọ́. Ní oṣù kẹfà ọdún yìí wọ́n ní àwọn fẹ́ mú ẹnì kan nínú àwa mẹ́sàn-án tí à ń gbálẹ̀, kó di òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn gan-an. Òun ni wọ́n mú. Láti ìgbà náà, Ìyá Káàdì ni mò ń pè é nínú ìwé yìí.

Ọjọ́rú, 5 Sẹ̀tẹ́ńbà

Mo rò ó nínú ọkọ̀ láti Ọ̀kà dé Ìkàrẹ́. Ìyá Káàdì ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́dún. Èmi — kò sí. Bí ara rẹ̀ kò bá yá, wọn á tọ́jú rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ nínú ilé ìwòsàn tí àwa méjèèjì jọ ń gbá. Bí ara tèmi kò bá yá, Oyèbọ̀dé á fi ẹlòmíràn rọ́pò mi. Oyèbọ̀dé ni kọ́ńtíráátọ̀ wa. Àkúrẹ́ ló ń gbé. Ọdún mẹ́fà, ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni mo rí i sójú.

Lọ́jọ́ Iléyá, Limota wà nílé, ó ń dín ẹran. Èmi ń nu ẹ̀jẹ̀ ní wọ́ọ̀dù.

Owú ni. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ kí n má baà parọ́ fún ara mi.

Jímọ̀, 7 Sẹ̀tẹ́ńbà

Abẹ́rẹ́ gún mi.

Àpò ìdọ̀tí wọ́ọ̀dù ọkùnrin ni mò ń gbé. Ẹnì kan ti ju abẹ́rẹ́ tí wọ́n ti lò sínú rẹ̀. Ó wọ àtàǹpàkò òsì mi. Ẹ̀jẹ̀. Sísítà Rachel, nọ́ọ̀sì àgbà wa, fa ọwọ́ mi sábẹ́ omi. Ó ní oògùn kan wà tó yẹ kí n bẹ̀rẹ̀ kí ọjọ́ mẹ́ta tó pé, nítorí àrùn inú ẹ̀jẹ̀. Oṣù kan gbáko ni wọ́n ń lò ó. Ó ṣí ìwé ìjàǹbá, èyí tí wọ́n ń kọ ẹni tó bá farapa lẹ́nu iṣẹ́ sí. Ó tún pa á dé.

Ó ní, “Rùkáyàt, sítáàfù nìkan ni wọ́n ní ká máa kọ síbẹ̀. Ẹni tí kò bá sí níbẹ̀, wọn ò ní fún un ní oògùn.” Kò lè wo ojú mi.

Mo pe Oyèbọ̀dé. Ó ní kò sí nínú àdéhùn wa. Ó ní kí n máa wo ọwọ́ mi bí mo bá ń ṣiṣẹ́. Ó ní àwọn tó ń wáṣẹ́ pọ̀ bí ilẹ̀ bí ẹní ní Àkùngbá.

Ẹ̀rù ikú kọ́ ló kọ́kọ́ bà mí. Ohun tí mo kọ́kọ́ rò ni pé: ká ní Limota ni, á ti gbé oògùn mì.

Àbámẹ́ta, 8 Sẹ̀tẹ́ńbà

Limota fà mí lọ sẹ́yìn ilé ìfọṣọ. Oògùn wà lọ́wọ́ rẹ̀, ti oṣù kan. Ó ti kọ orúkọ ara rẹ̀ sínú ìwé ìjàǹbá: Limota Jimoh, abẹ́rẹ́ gún un ní àtàǹpàkò òsì. Ó tilẹ̀ fi báńdéèjì di àtàǹpàkò tirẹ̀ tí nǹkan kan ò ṣe. Ó ní, “Gbé e mì níbí kí n rí i.”

Mo gbé e mì. Mo dúpẹ́, ó sì dénú mi.

Ṣùgbọ́n n ò tíì dé ibùdókọ̀ tí owú náà fi padà sí àyà mi. Àánú pàápàá, òun ló ní agbára àtiṣe é. Tèmi ni kí n máa tẹ́wọ́.

Àìkú, 9 Sẹ̀tẹ́ńbà

Oògùn náà ń mú mi bì. Sàídì ọkọ mi rò pé oyún ni. Inú rẹ̀ ń dùn.

Ọjọ́bọ̀, 13 Sẹ̀tẹ́ńbà

Ọ̀gá Ọlálérè, alákòóso ilé ìwòsàn, pe gbogbo wa jọ láàárọ̀. Ó ní ká wo Limota. Abẹ́rẹ́ gún un, kò sì pa iṣẹ́ jẹ ní ọjọ́ kan. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọ́n fún un ní ìsinmi ọjọ́ mẹ́ta. Limota tẹrí ba, kò fẹ́ gbà á — mo rí i pé kò fẹ́ — ṣùgbọ́n ó gbà á.

Abẹ́rẹ́ tó gún èmi. Èébì tí èmi ń bì.

Ní ọ̀sán mo dúró lọ́dọ̀ Badmus, ẹni tó ń ṣọ́ géètì. Ó ní Limota mà gbìyànjú. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, “Ọwọ́ ta lẹ rò pé abẹ́rẹ́ gún?” Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Kò pé ìṣẹ́jú méjì.

Jímọ̀, 14 Sẹ̀tẹ́ńbà

Ẹyin lọ̀rọ̀. Mo bẹ Badmus kó má sọ ọ́. Ó ní òun ti sọ ọ́.

Ọjọ́ Ajé, 17 Sẹ̀tẹ́ńbà

Wọ́n pe Limota sí ọ́fíìsì. Irọ́ nínú ìwé ilé ìwòsàn, wọ́n ní ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni. Wọ́n bi í pé ta ló lo oògùn náà. Sísítà Rachel wà níbẹ̀. Ó ní Limota kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Wọ́n ní kó máa lọ ilé.

Nígbà tó ń kọjá lọ́dọ̀ mi, ọ̀rọ̀ kan ló sọ: “Má fi ọjọ́ kan fò ó.” Oògùn ló ń wí.

Ọjọ́bọ̀, 20 Sẹ̀tẹ́ńbà

Wọ́n ti lé e.

Ọ̀gá Ọlálérè sì pè mí. Ó ní Badmus ti sọ ẹni tó jẹ́ kí àwọn mọ òtítọ́, irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni àwọn ń wá. Ààyè kan ṣí sílẹ̀. Ó na lẹ́tà ìgbani-síṣẹ́ sí mi. Sítáàfù. Wọ́ọ̀dù kan náà. Kí n buwọ́ lù ú, kí n mú un padà lọ́jọ́ Ajé. Kò bi mí ní nǹkan kan nípa àtàǹpàkò mi.

Ohun tí mo ti ń fẹ́ wà nínú àpò mi. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹrin. Inú mi dùn. Ọlọ́run má bínú, inú mi dùn títí mo fi dé Ọ̀kà.

Àbámẹ́ta, 22 Sẹ̀tẹ́ńbà

Mo lọ bá Limota nílé. Ó ń ṣa ẹ̀wà. Mo gbé lẹ́tà náà kalẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó kà á tán, ó ní, “Buwọ́ lù ú. Bí o kò bá gbà á, ẹlòmíràn á gbà á.”

Mo ní èmi ni mo sọ fún Badmus.

Kò gbójú sókè. Ó ní, “Mo mọ̀. Ọjọ́ kejì ni mo ti mọ̀. Mo rò pé wàá wá sọ fún mi kí wọ́n tó pè mí. Mo dúró dè ọ́ láti Jímọ̀ títí di ọjọ́ Ajé.”

Mo ní owú ni. Ó ní, “Owú kí ni? Ìgbálẹ̀?”

Mo mú lẹ́tà mi, mo dìde.

Àìkú, 23 Sẹ̀tẹ́ńbà

Mo jẹ́wọ́ fún Sàídì. Abẹ́rẹ́, oògùn, Badmus, gbogbo rẹ̀. Ó ti àwo oúnjẹ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó wá ní, “Owó iṣẹ́ yẹn, a ò lè jẹ ẹ́ kó dà nínú wa.”

Ọjọ́ Ajé, 24 Sẹ̀tẹ́ńbà

Mo dá lẹ́tà padà, n ò buwọ́ lù ú. Mo fi ìwé mìíràn tì í: pé èmi Rùkáyàt Sàláwù ni abẹ́rẹ́ gún, pé wọn ò kọ orúkọ mi, pé nítorí bẹ́ẹ̀ ni Limota fi kọ tirẹ̀. Sísítà Rachel buwọ́ lù ú gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Ọ̀gá Ọlálérè bi mí bóyá mo mọ ohun tí mò ń ṣe. Mo ní n ò mọ̀ ọ́n tán.

Kí n tó délé ni Oyèbọ̀dé ti pè: kí n má wá lọ́la. Ọdún mẹ́fà, ìpè kan.

Sísítà ní ọ́fíìsì ìjọba kan wà ní Àkúrẹ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́. Mo fi ẹ̀dà ìwé náà ránṣẹ́ síbẹ̀.

Jímọ̀, 5 Ọ̀kítóbà

Oògùn tán lónìí. N ò fi ọjọ́ kan fò ó. Wọ́n ti dá ọjọ́ ẹjọ́. Limota ní òun á lọ; a lè jọ wọ ọkọ̀ kan náà, ṣùgbọ́n kí n má bá òun sọ̀rọ̀.

Ọjọ́bọ̀, 11 Ọ̀kítóbà

A dé láti Àkúrẹ́. Ọ̀gá Ọlálérè wá, Oyèbọ̀dé náà wá, ẹ̀ẹ̀kẹrin tí mo máa rí i. Obìnrin tó gbọ́ ẹjọ́ náà ní ẹnikẹ́ni tó bá ń ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé ìjàǹbá, ẹni yòówù kó máa san owó rẹ̀. Ilé ìwòsàn gbà láti mú Limota padà. Tèmi kò tíì yanjú: Oyèbọ̀dé ní kò sí ìwé kankan tó fi gbà mí síṣẹ́. Wọ́n fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì.

Ohun tí mo fẹ́ kọ nìyí. Láti Ìkàrẹ́ dé Àkúrẹ́, Limota ń wo ìta. N ò sọ̀rọ̀, bó ṣe wí. Nígbà tí wọ́n pe orúkọ wa, ó dìde kí n tó dìde. Ó dé ẹnu ọ̀nà yàrá náà, ó di ilẹ̀kùn mú. Mo rò pé ó fẹ́ wọlé kó pa á dé mọ́ mi ni.

Ó dúró. Kò wo ẹ̀yìn. Ó di ilẹ̀kùn náà mú títí mo fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.